Dókítà Tí A Kò Sìn Sọ́nà

Ilé Bámiṣayé,
Òkè-Àpáta, Agbaja,
Lọ́kọ́ja, Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ọjọ́ kejì, oṣù Keje, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Dókítà Ìgbèríko,
Lọ́kọ́ja.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN DÓKÍTÀ TUNTUN ṢÁÁJÚ ỌJỌ́ ỌJÀ WA TÓ Ń BỌ̀

Gbogbo dókítà tí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí wa ló ti lọ. Ọ̀nà wa burú, iná kò sí, àwọn ọmọ wọn kò sì rí ilé-ìwé gidi. A kò bá wọn wí.

Nígbà tí Dókítà Obed, ẹni tó pẹ́ jù lọ́dọ̀ wa, fẹ́ lọ lọ́dún tó kọjá, àwọn àgbà pinnu pé a kò ní sìn ín sọ́nà. Lọ́dọ̀ wa, àlejò tí a kò bá sìn dé ẹsẹ̀ òkè kò tíì lọ. Wọ́n rò pé ìyẹn ni yóò dá a padà. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n ní kí ni kì í bà mí lẹ́rù. Ó dúró ti ẹrù rẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó jáde sí i. Òun nìkan ló sọ̀kalẹ̀.

Láti ìgbà náà la ti ń gbọ́ ikọ́ nínú ilé rẹ̀ tí a tì pa. Ikọ́ rẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n. Láràárọ̀, àwọn obìnrin a jókòó sábẹ́ fèrèsé, wọn a kí i pé, "Òkun o, Dókítà," wọn a sì sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní ó ń dá àwọn lóhùn.

Mo rò pé bóyá ó ti kú, mo bá pè é lórí fóònù. Ó wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó. Kí n tó sọ ìdí tí mo fi pè, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn ìyá yẹn kí wọ́n má kí mi mọ́ láàárọ̀. N kò rí oorun sùn."

Ẹ̀yin Ọ̀gá, oyún Ayọ̀mikún, ọmọ ọmọ mi, ti pé oṣù. Nọ́ọ̀sì Hàwáù ní ọmọ náà dábùú, pé iṣẹ́ abẹ ní Lọ́kọ́ja nìkan ló lè gbà wọ́n là. Ayọ̀mikún kọ̀, kò lọ. Ó ní Dókítà ti dá òun lóhùn lójú fèrèsé, pé kí òun wọlé wá bá a lọ́jọ́ ọjà. Ó ti di ẹrù rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi dókítà tó ṣeé fọwọ́ kàn ránṣẹ́, kí Ayọ̀mikún lè gbọ́ tirẹ̀. Mo ti tún yàrá ṣe fún un nínú ilé tèmi, kì í ṣe nínú ilé tọ̀hún. Bí kò bá sì sí, ẹ bá wa bẹ Dókítà Obed kó yà wá fún ọjọ́ kan péré. Èmi fúnra mi ni n ó ru àpótí rẹ̀ dé ẹsẹ̀ òkè.

Ẹ dákun, ẹ má fi falẹ̀. Láàárọ̀ yìí, a bá ilẹ̀kùn ilé tí a tì pa náà ní ṣíṣí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,

Elisha Bámiṣayé,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àgbà, Òkè-Àpáta.