Eṣinṣin Tí Mo Fi Ṣèdánwò

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Igbe 2025

Ẹran ìtúnu ààwẹ̀ ṣì kún inú fíríìjì. Qúdrát ọmọ mi dé láti síftì alẹ́, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ń wo bí mo ṣe ń gbé ife tíì. Tíì dà sórí tábìlì. Ó wò ó. Èmi náà wò ó. Nọ́ọ̀sì kì í wo nǹkan lásán.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá ni. Rọpárọsẹ̀ kékeré tó bá mi lọ́dún tó kọjá ti lọ, ṣùgbọ́n ó fi gbígbọ̀n sílẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún mi, bí àlejò tó gbàgbé agboòrùn. Mo fẹ́ padà sí ilé mi ní Ọ̀yọ́. Ó ní ẹni tí ò lè gbé ife kò lè dá gbé. Páásípọ́ọ̀tù mi wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, lábẹ́ àwọn ìbọ̀sẹ̀. Mo mọ ibi tó wà. Kò kàn bójú mu kí tíṣà tó ti fẹ̀yìntì máa tú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀ ni.

Lónìí a jọ ṣàdéhùn. Dókítà ti ní kí n wá iṣẹ́ ọwọ́ wẹ́wẹ́ kan ṣe, èmi náà sì ti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ apẹja kan ní Temple Hills, níbí nílùú Òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń fi òwú àti ìyẹ́ adìẹ so eṣinṣin ẹ̀tàn mọ́ ìwọ̀, kí ẹja lè rò pé oúnjẹ ni. Qúdrát ní: "Bàbá, ẹ fi eṣinṣin tí ẹ fọwọ́ ara yín so mú ẹja kí oṣù yìí tó parí. Èmi fúnra mi ni màá ra tíkẹ́ẹ̀tì yín."

Èmi tí mò ń ṣètò ìdánwò fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó dáa náà.

Ọjọ́bọ̀, 3

Ìpàdé. Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbà Apẹja ní ààrẹ kan, akọ̀wé kan, àti ọmọ ẹgbẹ́ kan. Èmi ni ọmọ ẹgbẹ́. Chief Olúṣọlá ni ààrẹ. Nínú ìwé yìí, Aláṣẹ Odò ni mo ń pè é. Ẹ̀wù rẹ̀ kìkì àpò, àpò lórí àpò, mi ò sì tíì rí i kó mú nǹkan kan jáde nínú wọn àfi bisikíìtì. Ó fi ìdajì ìpàdé ṣàlàyé pé tíráùtì jẹ́ ẹja ọlọ́lá, pé kì í jẹ ìjẹkújẹ, pé ẹni tó bá fi ekòló pè é, àrífín ló ṣe sí i. "Eṣinṣin tó ń léfòó lójú omi," ó ní, "òun nìkan ló yẹ àgbà."

Akọ̀wé ni Làtífátù, opó tó ń dirun ní Seat Pleasant. Kò gbọ́ àlàyé kankan. Kí Aláṣẹ Odò tó mí, ó ti so méjì. Ó ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, irun òwú lásán ni: ẹ di ìdí rẹ̀ mú, ẹ máa wé e lọ sókè, ẹ má jẹ́ kí òwú dẹ̀. Orí àwọn ọmọ tó ń sunkún ló ti ń fi ọwọ́ yẹn kó irun látọdún yìí wá. Ìwọ̀ ò kúkú ní sunkún.

Tèmi jọ aáyán tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé e sókè wò nínú ìmọ́lẹ̀. "Tíṣà, ẹja tó bá jẹ eléyìí, ó ti sú u láyé ni."

Àbámẹ́ta, 5

So mẹ́rin. Mẹ́ta tú. Ìkẹrin wà ní àtàǹpàkò mi.

Àìkú, 6

Qúdrát ra àkùkọ kan níbi tí wọ́n ti ń ta adìẹ láàyè. Wọ́n pa á fún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tu ìyẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ wọn máa ń ya awọ. Ó gbé e wálé, ó da omi gbígbóná lé e nínú bàsíà, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Bó ṣe ń tu ú ni mò ń ṣa ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán. Mo sá a, ó gbẹ. Mo fi so eṣinṣin kan tó rẹwà débi pé mo pe Qúdrát wá wò ó. Mo gbé e sínú ife omi.

Ó rì bí òkúta.

Ìṣẹ́gun, 8

Mo so òmíràn. Ó rì. Mo fi òrí pa á lára, nítorí òrí kì í jẹ́ kí omi wọ nǹkan. Ó rì tòun ti òrí.

Lọ́sàn-án mo mú ìyẹ́ tí Làtífátù fún mi lọ́jọ́ ìpàdé, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó gún mi, ó tún padà dìde. Mo tẹ èyí tí mo ṣà nínú bàsíà. Ó sùn lọ fọnfọn. Omi gbígbóná ni! Àdúláwọ̀ wo ló ń gbé adìẹ sínú ìkòkò láì kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ lómi gbígbóná? Ohun tó tọ́ fún ọbẹ̀ ti pa eṣinṣin mi. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì, òkú àkùkọ ló wá ń ṣe àtúnkọ́ fún mi.

Ọjọ́bọ̀, 10

Mo kó ìyẹ́ tí omi gbígbóná ti bà jẹ́ náà sínú ọ̀rá lọ sí ìpàdé, kí n lè fi àṣìṣe mi han Làtífátù. Kí n tó lanu, Aláṣẹ Odò ti ki ọwọ́ bọ ọ̀rá. Ó gbé ìyẹ́ kan sókè, ó di ojú kan. "Ẹni tó bá mọ ìyẹ́, ojú lásán ló fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí ga."

Mo ní, "Chief, ìyẹ́ yìí —"

Ó nawọ́ dá mi dúró. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí èmi kọ́ ẹ̀yin náà lónìí."

Mo jẹ́ kó kọ́ mi. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò òsì. Ó fún mi ní bisikíìtì kan.

Nígbà tí mo ròyìn fún Làtífátù níta, ó fara ti ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín títí áláàmù ọkọ̀ náà fi ké.

Àbámẹ́ta, 12

Mo lọ ra àkùkọ tèmi. Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni ibẹ̀ má fi omi gbígbóná kàn án. Ó ní, kò sí omi gbígbóná? Mo ní rárá. Ẹ̀rọ ńkọ́? Rárá. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá wò mí.

Gáréèjì ni mo ti tu ú. Ìyẹ́ gbígbẹ lára adìẹ dà bí ìṣó lára pákó. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbọ̀n, ọwọ́ òsì ń bú u. Mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn wá.

Àìkú, 13

Ìyẹ́ lórí ọkọ̀ Qúdrát. Ìyẹ́ nínú òdòdó aládùúgbò. Aládùúgbò ní ṣé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló wọlé wa ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan tó ti dàgbà díẹ̀.

Qúdrát gbọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ purọ́ fún Òyìnbó."

Mo ní irọ́ wo ló wà níbẹ̀?

Ìṣẹ́gun, 15

Ó LÉFÒÓ.

Mo so ó, mo fi òrí díẹ̀ pa á, mo sọ ọ́ sínú ife, ó sì dúró lójú omi lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí olóyè tó ń dúró de ìkíni. Mo fi sórí tábìlì, mo lọ sùn. Nígbà tí mo jí, ife ti di fífọ̀. Qúdrát ní, "Bàbá, ẹ máa bo omi yín. Eṣinṣin kó sínú rẹ̀, mo ti dà á nù."

Ojú nọ́ọ̀sì o. Láyé mi, mi ò tíì gba máàkì tó tó yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mo sọ̀rọ̀ ife náà fún Làtífátù. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó ba ayọ̀ mi jẹ́: eṣinṣin ilé ni mo so, ẹja adágún ò sì wo nǹkan tó tóbi tó yẹn ní àsìkò yìí. Kòkòrò tí wọ́n ń jẹ ò ju yànmùyánmú lọ. Ìwọ̀ rẹ̀ kéré débi pé bó bá bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa bá yín rí i.

Aláṣẹ Odò ti fi ìyẹ́ omi gbígbóná yẹn so odindi páálí kan. Ó tò wọ́n bí àwọn ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Ó ní tí a bá dé adágún lọ́nà Clinton ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa rí iṣẹ́ ọpọlọ. Méjì nínú wa ti mọ ohun tí a máa rí.

Àìkú, 20

Ọwọ́ kọ̀. Òwú ń já. Mo mí, ìyẹ́ fò lọ. Mi ò mí, ojú mi ń ṣú. Mo ronú nípa ilé mi, igi ìgbá ẹ̀yìn ilé, àga mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ta ló ń jókòó sí i báyìí. Mo sọ nǹkan kan fún ìwọ̀ náà tí tíṣà kì í sọ.

Ọjọ́bọ̀, 24

Làtífátù fún mi ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Yànmùyánmú gan-an ni. "Ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe, Tíṣà." Mo dúpẹ́. Mo dé ilé, mo gbé e sínú agolo súìtì míńtì tí mo ń kó ìwọ̀ mi sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọ̀kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi rí so láàárọ̀, tó kéré, tó wọ́, tí ọrùn rẹ̀ yẹ̀ sápá kan.

Ẹtì, 25

Méjì wà nínú agolo. Qúdrát ò mọ ìyàtọ̀. Mo ti gba expo nínú ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ, nínú gèlè, nínú búrẹ́dì. Agolo míńtì ò tíì sí níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 26

Kí n kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ.

A dé adágún láàárọ̀. Qúdrát wá tààrà láti ibi iṣẹ́, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ àti ife kọfí, ó dúró lẹ́yìn mi gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ìdánwò. Aláṣẹ Odò kọ́kọ́ jù. Ó sọ̀rọ̀ kó tó jù, ó sọ̀rọ̀ nígbà tó ń jù. Eṣinṣin rẹ̀ bà lé omi, ó wò yí ká, ó rì. Mi ò wo ojú Làtífátù. Òun náà ń wo igi. Ó jù lẹ́ẹ̀kejì. Ó rì. Ó jù lẹ́ẹ̀kẹta. Ó rì — okùn rẹ̀ fà, ọ̀pá tẹ̀, tíráùtì kan tó gùn tó apá mi sì jáde nínú omi.

Ó wò ó. Ó wò wá. Ojú rẹ̀ kò tiẹ̀ yí padà. "Ẹ rí i? Láàárọ̀, ìsàlẹ̀ ni ẹja ọlọ́lá ti ń jẹun. Mo mọ̀ọ́mọ̀ so ó kó rì ni."

Àbí kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Èmi ni mo bá a ṣe ìyẹ́.

Ó kàn mí. Mo ṣí agolo. Mo mú ti Làtífátù, mo so ó mọ́ okùn, mo jù ú. Igi ẹ̀yìn mi gbà á. Ó dúró sórí ẹ̀ka, ó rẹwà, kò sẹ́ni tó lè dé ibẹ̀. Expo mi fò lọ sókè ní gbangba. Alábòójútó ìdánwò kan wà lókè tí kì í mu kọfí.

Ó ku èyí tí ọrùn rẹ̀ wọ́. Atẹ́gùn ń fẹ́. Ojú ihò ìwọ̀ náà ò ju ojú èèrà lọ. Qúdrát ní, "Bàbá, ẹ gbé e wá." Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo di ìwọ̀ mú, mo mí jáde, mo ti orí okùn, ó wọlé. Mo kó ìdí rẹ̀ bí irun òwú. Mi ò jẹ́ kó dẹ̀.

Mo jù. Ó bà lé omi, ó tẹ̀ sápá kan bí ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n ó léfòó. Ó pẹ́. Oòrùn yọ sí etí igi, kòkòrò wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lójú omi. Lẹ́yìn náà ẹnu kan ṣí nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣe àmín, ó sì gbé e mì. Mo fà. Ó fà. Okùn já.

Kò sí ẹja. Kò sí eṣinṣin. Omi ṣe òrùka kan, ó dákẹ́.

Nígbà tí a ń kó ẹrù, Làtífátù tọ́ka sí orí igi. "Tíṣà, eléyìí jọ ọwọ́ ẹnì kan tí mo mọ̀." Mo ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ni ọwọ́ wọn jọra. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni o.

Àìkú, 27

Mo ti múra àròyé sílẹ̀: ẹja jẹ ẹ́, okùn ló já, okùn kì í ṣe iṣẹ́ mi. Qúdrát ò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó gbé páásípọ́ọ̀tù sórí tábìlì. Ó ní, "Ta ló ń wo ẹja? Ọwọ́ yín ni mò ń wò nígbà tí ẹ ń ki okùn bọ ìwọ̀." Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀.

Mo yege. Mo jẹun yó. Mi ò mọ ìdí tí oúnjẹ ò fi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 29

Làtífátù pè. Ó ní ìrọ̀lẹ́ oṣù Èbìbí gan-an ni kòkòrò dúdú máa ń bo adágún yẹn, ẹja á máa fò sókè bí ọmọdé. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ ti máa wà ní Ọ̀yọ́ nígbà yẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò pa fóònù. Èmi náà ò pa á. Ó náwó fóònù lásán.

Aláṣẹ Odò fẹ́ fi mí jẹ igbákejì ààrẹ. Ó tún fẹ́ irú ìyẹ́ yẹn sí i.

Ọjọ́rú, 30

Oúnjẹ àárọ̀. Mo gbé ife tíì, mo sì jẹ́ kó gbọ̀n. Kò pọ̀ jù. Tíì dà díẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo ní bóyá ìrìn àjò tó jìnnà tó yẹn ti yá jù fún ẹni tó wà ní irú ipò mi.

Qúdrát ń jẹ búrẹ́dì lọ. Ó wo tíì. Ó wo ife. Ó wò mí.

"Bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún ni dókítà sọ."

Mo wo ọwọ́ tí mo fi gbé ife. Òsì ni.

Mo gbé ife náà sí ọ̀tún. Kò gbọ̀n mọ́, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ọmọ mi gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì, mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Èbìbí

Ó ti yí tíkẹ́ẹ̀tì náà sí oṣù Ọ̀wàrà. Ó ní ọwọ́ òsì mi nílò ìtọ́jú.