Bọ́ọ̀sì Aago Méje Ààbọ̀ àti Fìlà Mi Méjì

Kilcarrow,
Ọjọ́ Ajé.

Sorcha ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa ní Dublin, ṣé ikọ́ yẹn ti lọ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òtútù ìgboro rí ọ gbé ṣe. Màmá rẹ ń kí ọ. Ó ní orúnkún ń dun òun, bẹ́ẹ̀ ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Máàsì, n kò mọ èyí tí n ó gbà gbọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni bọ́ọ̀sì aago méje ààbọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ibùdókọ̀ pé bí kò bá sí ọjọ́ kan lóṣù yìí tí èrò tó wọ̀ ọ́ ní àlọ àti àbọ̀ pé ogún, àwọn á dá a dúró. Àwọn tó ra ilé tuntun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́tò ni wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́, kálukú nínú tirẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá lọ, ìwọ tí o kò mọ bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò, kí lo máa wọ̀ wálé?

Nítorí náà, àwa àgbà mẹ́fà la ń wọ̀ ọ́ láràárọ̀, ọ̀fẹ́ ṣáà ni fún wa. A ó fi káàdì kan ẹ̀rọ tó ń ka èrò, a ó dé Dublin, a ó mu tíì, a ó sì padà lọ́sàn-án. Fìlà aláwọ̀ eérú ni mo ń dé lọ, dúdú ni mo ń dé bọ̀, kí ẹ̀rọ náà lè rò pé ẹni méjì ni. Awakọ̀ ní, ẹ jókòó, Bàbá, ẹ̀rọ yìí ò lójú. Mo fa fìlà mi wálẹ̀ sí i, ìjọba ló ń sanwó fún un. Malachy tó ń roko itẹ́ òkú ní kí n kúkú lẹ irùngbọ̀n mọ́ ọn.

Síbẹ̀, méjìdínlógún ni a pọ̀ jù lọ. Ọjọ́ Ẹtì ni oṣù yóò parí. Jọ̀ọ́, gba ààyè níbi iṣẹ́, kí o wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán bọ̀ lọ́jọ́ náà, kí o sì mú Eunan ọ̀rẹ́kùnrin rẹ dání, kó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ ohun tí mo sọ nípa rẹ̀ nígbà Kérésì. Òun ni yóò sọ wá di ogún. Kó fi káàdì tirẹ̀ kan ẹ̀rọ, kó má san tiyín pọ̀, kí ẹ̀rọ má baà kà yín sí ẹnì kan.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, mú díẹ̀ wá fún tíì, tíì Dublin ti gbówó lórí. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ.

Ìjókòó méjì ẹ̀yìn awakọ̀ ni n ó gbà dè yín, fìlà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò burú bí mo bá padà láìdé nǹkan kan, ẹ̀rọ náà kò tíì rí orí mi rí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fintan