Oko, Ọkọ́ àti Ọkọ̀ Kì í Ṣe Ìwé Kan Náà

Ilé Kẹta,
Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Àtijọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-Ìkàwé,
Àjà Kejì, Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÌWÉ MÉJÌ TÍ Ẹ̀RỌ YÍN PÈ NÍ Ẹ̀DÀ ÀPỌ̀JÙ, TÍ WỌ́N FẸ́ LỌ̀ NÍ ỌJỌ́ JÍMỌ̀

1. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà, mo sì ti ń jókòó sí yàrá ìkàwé yín láti ìgbà tí gbogbo àga ibẹ̀ ṣì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. N kì í ṣe ẹni tó ń kọ ìwé ẹ̀sùn kiri. Àkọ́kọ́ mi nìyí. Bí ìbínú bá hàn nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ̀ pé mo ti yọ ìdajì rẹ̀ kúrò.

2. Ìyàwó mi, tí òun náà jẹ́ tísà, kọ ìwé kékeré mẹ́ta fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì kó tó di olóògbé. Àkọ́kọ́ ni Oko Bàbá Mi, ìtàn ilẹ̀ tí bàbá kan ń ro. Èkejì ni Ọkọ́ Bàbá Mi, ìtàn irin-iṣẹ́ tó fi ń ro ó. Ẹ̀kẹta ni Ọkọ̀ Bàbá Mi, tó gbé irè náà lọ sọ́jà. Ọdún kan náà ló kọ wọ́n, ilé ìtẹ̀wé kan náà ló tẹ̀ wọ́n, ojú ìwé méjìlélọ́gbọ̀n ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ó fẹ́ kí ọmọ tó bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ara rẹ̀ rí i pé àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà nìkan ló ya ilẹ̀ kúrò lára irin, tó sì ya irin kúrò lára mọ́tò. (Ohun ìtìjú kan tún wà tí àwọn lẹ́tà yẹn lè pè, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò kọ ìwé lé e lórí, èmi náà kò sì ní í kọ ọ́ sí Alága.)

3. Ní oṣù tó kọjá, ilé-ìkàwé gbé ẹ̀rọ tuntun dé. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà pè é ní "Ètò Ìṣọ̀kan Gbogboògbò fún Àkójọpọ̀ Ìmọ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó rí i pé ohun tó ń sọ ni pé wọn yóò kó ìwé tó bá ju ẹ̀dà kan lọ dànù. Ẹ̀rọ yìí wo ìwé ìyàwó mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní ìwé kan ṣoṣo ni. Wọ́n fi Oko sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Ọkọ́ àti Ọkọ̀ wà nínú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn báyìí, òǹtẹ̀ pupa lára wọn, tí Ọkọ̀ ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ bébà kúnná, ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún.

4. Mo lọ bá òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì. Ó fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ẹ̀rọ ti fi wọ́n wéra, wọ́n dọ́gba." Mo ní kó ṣí wọn wò. Ó ní òun kò láṣẹ láti ṣí ohun tí ẹ̀rọ ti pa dé. Mo wá bi í bóyá ọkọ́ ló gbé e wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

5. Ọmọbìnrin àbúrò mi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, òun ló là á yé mi. Bí ẹni tó ń kọ ètò bá dá irú nǹkan tuntun sílẹ̀, tó pè é ní "ìwé," òun ló yẹ kó sọ fún ẹ̀rọ ohun tó ń mú kí ìwé méjì jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá kan wà. Ó lè kọ ìlà kan péré sórí rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì hun ìfiwéra náà fúnra rẹ̀: yóò mú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ìwé kọ̀ọ̀kan, yóò fi wọ́n wéra níkọ̀ọ̀kan, bí gbogbo rẹ̀ bá ti bára mu, ọ̀rọ̀ parí. Ó ní ọ̀nà náà kò burú, òun náà ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tó kọ sílẹ̀. Kí ni wọ́n wá kọ? Orúkọ ìwé, òǹkọ̀wé, ọdún, ilé ìtẹ̀wé, iye ojú ìwé. Nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ sẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan kò sí níbẹ̀. Àwọn tó sì tẹ orúkọ wọlé ti yọ gbogbo àmì kúrò, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, àmì ń fa wàhálà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá di "Oko Baba Mi." Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ má bá ẹ̀rọ jà. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ìwé jẹ́ fún un."

6. Nítorí náà, n kò bá ẹ̀rọ jà. Àwọn mẹ́ta tó buwọ́ lu bébà tó wà lórí páálí náà ni mo ń bá jà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní." Àwòrán ọkọ́ wà lẹ́yìn ìwé kan, àwòrán mọ́tò wà lẹ́yìn èkejì, ẹni tí kò kàwé rárá ì bá ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí nǹkan dọ́gba yàtọ̀ sí kó jẹ́ ọ̀kan. Ìbejì dọ́gba, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ fún ìyá wọn pé kó mú ọ̀kan kó ju ìkejì nù nítorí pé ọjọ́ ìbí wọn bára mu. Àwọn ọmọ ọdún méje ni mo máa ń fún ní òdo nítorí àṣìṣe yìí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n fún ní ipò ọ̀gá.

7. Ilé ìtẹ̀wé náà ti kógbá sílé. Ẹ̀dà Ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ mi ti rin gbingbin, ó sì bàjẹ́, nígbà tí òrùlé wa jò. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó mi fi gbé ẹ̀dà tirẹ̀ wá fún yín, ó ní ilé yín kì í jò. Mo ti wá òmíràn títí, n kò rí i. Ní ojú ìwé àkọ́kọ́ èyí tó wà nínú páálí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Fún ọkọ mi, tí kò mọ ọkọ́ lò." Òótọ́ ni, n kò mọ̀ ọ́n lò. Nínú gbogbo àwàdà tó fi mí ṣe, èyí nìkan ló kọ sílẹ̀. Kò sí àyè fún un nínú ohun márùn-ún tí ẹ̀rọ yín mọ̀.

8. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé páálí náà kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. Ẹ ní kí ẹni tó kọ ètò náà jókòó, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó ń mú ìwé jẹ́ ara rẹ̀, kó ka nọ́ńbà ìwé mọ́ ọn, kó sì dá àmì padà sórí orúkọ. Bí páálí bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, èmi yóò jókòó lé e lórí, kí ẹ̀rọ yín wá sọ bóyá ẹ̀dà àpọ̀jù ni èmi náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìdí.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú gbogbo àmì tó yẹ,

Tísà Àmì-Ohùn (bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ń pè mí),
Olùkọ́ Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ọkọ òǹkọ̀wé náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀.