Omi Ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà

Ọmọ ọmọ mi tó ń tọ́jú ẹja,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Omi tí o ń bá ṣiṣẹ́ kò ní gbé ọ lọ. Èmi wà níbí, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn. Aránṣọ ojúlé kejì ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, torí èyí tó kọ níjọ́sí, ó fi ẹkún sí i, èmi kò sì sunkún.

Ọ̀rọ̀ bàbá yín àgbà ni mo bá wá. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú wọn lápá kan lẹ́sẹ̀ kan, wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá rẹ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ gbé wọn lọ sílùú, sí yàrá òkè tó ní fèrèsé ńlá. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́, wọ́n ń wo ògiri. Ó ní ẹni tó bá dákẹ́ ti gbà nìyẹn. Mo ní ògiri náà dákẹ́, ṣé ó ń bá wọn lọ ni. Ó ní ìparí oṣù lòun ń bọ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí o sọ lórí fóònù, pé bí ọkàn ẹja kò bá balẹ̀, ara rẹ̀ a máa tú nǹkan kan sínú omi. O ní ẹ kì í gún un gba ẹ̀jẹ̀ mọ́, torí mímú tí ẹ mú un gan-an ń já a láyà. Ẹ kàn ń fi í sínú omi mímọ́ fún wákàtí kan láìfọwọ́ kàn án, ẹ ó wá yẹ omi náà wò. Bàbá yín náà kò kúkú fẹ́ abẹ́rẹ́. Bí nọ́ọ̀sì bá ti yọ ọ́, wọn a máa jà bí ẹja àrọ̀.

Mo bá bu omi sínú abọ́ ìfọṣọ, mo ki ẹsẹ̀ wọn bọ̀ ọ́. N kò fọwọ́ kàn wọ́n, n kò sọ̀rọ̀. Wákàtí kan pé, mo rọ ọ́ sínú ìgò tí mo so òwú pupa mọ́ lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì mo bu omi tuntun, mo wá sọ fún wọn pé ọmọ wọn fẹ́ gbé wọn lọ. Mo jókòó. Òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ ojú omi ń mì lórí àjà, ó dà bíi pé yàrá ti rì, tí àga àti àpótí àti àwa méjèèjì ń léfòó lọ láìmọ ibi tí à ń lọ. Ẹsẹ̀ wọn ń jù díẹ̀díẹ̀ nínú omi bí ìrù ẹja tí kò kánjú. Bóyá oorun gbé mi, bóyá kò gbé mi. Nígbà tí mo lajú, ẹsẹ̀ tèmi náà ti wà nínú abọ́. Orúnkún ló ń dùn mí, omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti ba iṣẹ́ náà jẹ́. Mo ní kó máa kọ̀wé lọ.

Mo rọ omi ọjọ́ kejì náà sínú ìgò mìíràn, òwú dúdú ló wà lọ́rùn ìyẹn. Awakọ̀ tó ń gbé iyanrìn ló kó ìgò méjèèjì wá fún ọ. Fún un lówó oúnjẹ, kí o sì fi owó òróró orúnkún rán an sí mi. Bí o bá rí ìpayà nínú ìgò olówùú dúdú, má wulẹ̀ wádìí ẹni tó ni ín. Sọ fún bàbá rẹ pé kó jókòó síbi tó wà.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ohun tí o bá ń wá kò ní sá fún ọ, ilé rẹ kò ní dákẹ́. Fọ àwọn ìgò náà kí o tó dá wọn padà.

Bí o kò bá sì rí nǹkan kan nínú ìgò olówùú dúdú náà, tún un yẹ̀ wò.

Èmi ìyá yín àgbà.