Ta Ni Mo Máa Fi Búra fún Adájọ́?

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Mo ka odidi orí kan nínú Bíbélì ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà lónìí. Èmi nìkan! Télọ̀ tó jókòó tì mí ṣì ń fi ìka tọ lẹ́tà kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Tíṣà ní kí n máa kọ ìwé yìí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kí n má fi òwe kún un. Ó dùn mí. Mo gbà.
Ibi tí mo kà — Ọlọ́run búra fún Ábúráhámù. Kò rí ẹni tó ju òun lọ, ó bá fi ara rẹ̀ búra. Kò yé mi. Nínú ilé mi, ẹni tó bá ń búra, irọ́ ló fẹ́ pa. Kí ló wá kan Ọlọ́run?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Dókítà ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa yọ kókó inú mi. Mo sọ fún ọmọ ọmọ mi tí mò ń tọ́. Adájọ́ ni mò ń pè é, nítorí ìbéèrè rẹ̀. Kò sunkún. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀.
“Màmá àgbà, ẹ búra pé ẹ máa padà wálé.”
Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ búra nínú ilé yìí.
Ó ní, “Màámi búra.”
Ọmọ bíbí inú mi. Ilé ìwòsàn kan náà. Kò padà.

Ọjọ́rú, 6
Adájọ́ kò jẹun. Ó ń tẹ̀ lé mi láti yàrá dé ilé ìdáná bí òjìji.
Ní kíláàsì mo bi Tíṣà pé ta ló ń bá Ọlọ́run jiyàn tó fi ń búra. Télọ̀ já a gbà: “Màmá, àfàìmọ̀ kí Ábúráhámù má ti gbé aṣọ fún télọ̀ rí.” Ẹ̀rín sọ. Mo ní, “Ìwọ gan-an! Búláòsì mi tí o búra lé lórí láti ìgbà òjò ńkọ́?”
Tíṣà ní Ọlọ́run kò nílò ìbúra. Ábúráhámù ti darúgbó, ìlérí ń pẹ́, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni Ọlọ́run búra fún.
Inú bí mi. Ó yẹ kí n ti rí i fúnra mi.

Ọjọ́bọ̀, 7
N kò lè jókòó. Mo fọ abọ́ tó ti mọ́, mo tún fọ̀ ọ́.
Bí Ọlọ́run bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó búra, kí ni èmi ń ṣe fọ́ńté sí? Ṣùgbọ́n òun kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò lópin. Ìbúra rẹ̀ kò lè kú mọ́ ọn lẹ́nu. Tèmi ńkọ́?
Mo pe Adájọ́ sọ́dọ̀. Mo ní ẹ̀mí mi kò sí lọ́wọ́ mi, n kò lè búra. Mo ní màmá rẹ̀ kò purọ́ fún un. Ara ni kò gbà fún un. Ó jẹun — díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Ilé ìwòsàn. Télọ̀ ló mú Adájọ́ sin mí dé géètì. Ó gbé búláòsì mi dání! Apá òsì ló kù. Ó ní tí mo bá jáde, màá wọ̀ ọ́ wò.
Adájọ́ gbé ọwọ́ lé àyà.
“Màmá àgbà, èmi ló máa búra. Mo fi ara mi búra — tí ẹ bá jáde, ibí lẹ máa bá mi.”
“Bí mo bá pẹ́ ńkọ́?”
“Ibí náà ni.”
Ìta la wà, kì í ṣe ilé mi. N kò bá a wí.
Nọ́ọ̀sì ti ń pè mí. Mo tún yọjú lójú fèrèsé. Ó ṣì wà níbẹ̀.