Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Fagi Lé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi, n kò ní purọ́ fún yín. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni ìsìn ìrántí ọdún kan yín. Dípò kí n máa ronú aṣọ tí màá wọ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló da ilé rú mọ́ mi lórí.

Tiwa ọmọ mi ló kọ ojú ewé kan nípa yín fún ìwé ìsìn. Ó kọ ọ́ pé "Grandpa was mad patient." Ẹ má tíì bínú. Àwọn ọmọ ìwòyí kì í fi "mad" pe èèyàn ní wèrè mọ́. Bí oúnjẹ bá dùn gan-an, "mad sweet" ni. Bí oòrùn bá mú, "mad hot." Ohun tó ń sọ ni pé sùúrù yín kọjá sísọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ̀wé fún wa ní Pápá Àjàó rò pé ọmọ náà gbàgbé nǹkan, ló bá fi "a" kékeré kan há àárín: "Grandpa was a mad patient." Bí ẹ ṣe di aláìsàn ọpọlọ nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ fi ọjọ́ ayé yín kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì ní Yábàá.

Ẹ̀gbọ́n Dípọ̀ rí i, ó pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya mí létí. "Ṣé Bàámi ló ya wèrè? Jọ̀ọ́, yọ ìsọkúsọ yẹn kúrò kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó rí i." Mo mú bírò pupa. Mo fagi lé "mad" pẹ̀lú "a" rẹ̀, mo kọ "very" sórí rẹ̀, mo sì ní kí Tiwa kà á sí mi létí.

Ẹ rántí pé ọmọ náà ń kólòlò. Ó ṣe v, v, v, kò jáde. Mo dúró díẹ̀, àbí n kò tiẹ̀ dúró. Mo bá a parí ọ̀rọ̀ náà. Ó wò mí.

"'Mad' kì í há mi lẹ́nu, Mọ́mì. Grandpa mọ̀."

Ó gbé bébà sílẹ̀, ó wọ yàrá. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ ka nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ohun tó ń dùn mí gan-an rèé. Ẹ máa ń jókòó tì í lórí àga oníke ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ì báà lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ ò ní gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ó máa bó ẹ̀pà yín. Níbo lẹ ti rí sùúrù yẹn? Sùúrùlérè là ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n sùúrù kò yà sójúlé wa. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́kọ́ kọ sí yín láti ilé-ìwé tí a ń sùn sí, tí mo fi sọ pé àárò yín ń sọ mí, ẹ fi bírò pupa dá a padà: àṣìṣe mọ́kànlá. Ẹ ò fèsì sí ọ̀rọ̀ àárò náà. N kò kọ Gẹ̀ẹ́sì sí yín mọ́ títí ẹ fi lọ. Ṣé ẹ tiẹ̀ fura?

Ẹ̀yin náà kúkú máa ń sọ pé ọmọ yìí gbọ́n burúkú. Kí ni burúkú ń wá níbẹ̀? Ṣé ọgbọ́n rẹ̀ burú ni? Kò sẹ́ni tó fagi lé e fún yín.

Láàárọ̀ yìí mo pe atẹ̀wé pé kó dá "mad" padà, kó má sì fi "a" tirẹ̀ kún un mọ́. Ẹ̀gbọ́n yóò bínú. Kó máa bínú. Ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ló le. Ilẹ̀kùn Tiwa wà ní títì. Mo ti dúró níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún padà sí ilé ìdáná. Mo fẹ́ bẹ ọmọ mi, n kò mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣáájú. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà, ẹ kọ́ mi. Báwo ni òbí ṣe ń bẹ ọmọ, Bàbá? Ẹ ò bẹ̀ mí rí.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.