Bí Mo Ṣe Kọ́ Yusrah Ní Iyàn Jíjà

Sátidé, 16 Oṣù Kọkànlá
Kàbírù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bí ọmọbìnrin ní Deptford. Wọ́n so yìgì Sẹ̀gilọlá, aládùúgbò wa. Àlùbáríkà. Ilé ẹlòmíì, ọmọ ń dé, ìyàwó ń wọlé. Ilé tèmi ní Peckham — ọ̀rọ̀ yunifásítì là ń jẹ, òun là ń mu.

Yusrah, ọmọ ọmọ mi, Alákọ̀wé mi, kò tíì jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ti ṣe kọ́ọ̀sì yunifásítì méjì lórí kọ̀ǹpútà. Máàkì rẹ̀ ń dán. Ilé Òkúta ló wù ú — bí mo ṣe ń pe yunifásítì àtijọ́ kan nìyẹn, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbéni débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń pè, díẹ̀ ni wọ́n ń mú. Wọ́n ti pè é fún íńtáfíù, orí kọ̀ǹpútà ni yóò ti ṣe é. Mo ti sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí.

Mọ́ńdè, 18
Wàhálà dé. Wọ́n fi íńtáfíù dán an wò nílé ìwé. Tíṣà mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí kò tọ́, Alákọ̀wé ń mi orí bí alángbá. Tíṣà ní Ilé Òkúta ń fẹ́ ọmọ tó lè bá wọn jiyàn; bó bá ṣe báyìí níbẹ̀, wọn ò ní mú un. Máàkì kọ́ọ̀sì ò lè gbà á là. Kọ̀ǹpútà ló sì kọ́ ọ ní kọ́ọ̀sì yẹn, ta ní í bá kọ̀ǹpútà jiyàn?

Mo bi í léèrè. Ó ní, "Màmá Àgbà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní a kì í bá àgbà jiyàn."

Irú kí lèyí!

Àtàláátà, 19
Agnes, tíṣà wa ní kíláàsì àgbà — òun ló ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́ — ní kí Yusrah máa fi mí kọ́ iyàn jíjà. Mo ní, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Àlàmísì, 21
Mo gbà. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo pa á lówe: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ní ó yá, jiyàn. Ó kúnlẹ̀! Mo ní dìde, ìwọ ọmọ yìí, ṣé iwájú kọ̀ǹpútà lo fẹ́ kúnlẹ̀ sí?

Sátidé, 23
Ó jiyàn. "Màmá Àgbà, ẹ má bínú o, kí lèèyàn fẹ́ fi àkísà ṣe?" Mo ní ìrírí ni àkísà. Ó ní kí n kúkú pè é ní ìrírí nígbà náà. Òwe bàbá mi! Inú bí mi títí di alẹ́.

Àlàrùba, 27
Ó ti di àrùn. Iyọ̀ ọbẹ̀ — iyàn. Bọ́ọ̀sì tí a máa wọ̀ lọ Brixton — iyàn. Òun ló sì jàre nípa bọ́ọ̀sì.

Àtàláátà, 10 Oṣù Kejìlá
Íńtáfíù. Yàrá mi ló ti ṣe é, ibẹ̀ ló dákẹ́ jù. Mo fetí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó sọ fún ọkùnrin Ilé Òkúta tó ń bi í léèrè ní òyìnbó pé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, òun ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà wá bú sẹ́rìn-ín.

Àtàláátà, 14 Oṣù Kínní
Wọ́n mú un! Ó ku kó yege ìdánwò àṣekágbá. Mo sunkún, mo jó, ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Àlàrùba, 15
Làtíìfù, ọmọ mi, bàbá Yusrah, ní kò ní lọ. Ó ní yunifásítì ń bẹ nítòsí, kó máa tilé lọ. Ọmọbìnrin kì í dá gbé. Òun ò ní ná kọ́bọ̀ sí i.

Alákọ̀wé ní, "Dádì, ẹ má bínú. Ṣé ọmọ tí ẹ fúnra yín tọ́ lẹ ò lè fọkàn tán?"

Làtíìfù pariwo: "Ta ló kọ́ ẹ kó o máa bá bàbá ẹ jiyàn?"

Gbogbo ilé wò mí. Mo ń wo ife tíì mi.

Jímọ̀, 17
Làtíìfù wá bá mi kó tó lọ kírun. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀." Mo ní kó lọ bá a fúnra rẹ̀, agbára mi ò ká a mọ́. Ó ní èmi ni mo bà á jẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó gbá a dé gbàgà.

Kó máa bínú. Ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Mo ti kó àjọ mi. Owó àsansílẹ̀ yàrá rẹ̀ ní Ilé Òkúta, mo fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó ti mọ́ṣáláṣí dé: irínwó pọ́n-ùn.